Onímú Kọ̀wé sí Ọwọ́-Irin

Ilé Ìyá Wa,
Ẹ̀yìn Ọgbà Káfíńtà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ṣé ikọ́ tí mo gbọ́ pé èéfín dá sí yín láyà ti ń rọlẹ̀? Tọkàntọkàn ni mo fi ń bẹ Ọlọ́run pé kí ó fún yín ní ìlera, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ kò bá yá kò ní lè ka ohun tí mo fẹ́ kọ yìí dópin, mo sì fẹ́ kí ẹ kà á dópin. Ẹ wá àga fìdí lé. Bí omi bá wà nítòsí, ẹ mu díẹ̀ kí ẹ tó máa bá a lọ.

Àbúrò ìyá wa ti jíṣẹ́ tí ẹ rán wọn. Wọ́n jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń fi fìlà fẹ́ ara wọn, wọ́n ní ẹ ní kí n dákun, kí n bá yín bẹ oníbúrẹ́dì, nítorí ẹ gbọ́ pé ó ti ń gba ọ̀rọ̀ mi báyìí. Mo fún wọn lómi mu, mo ní kí wọ́n máa lọ, pé èmi fúnra mi á fèsì. Ojú lọ̀rọ̀ wà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi. Bí mo bá rí ojú yín lásìkò yìí, ọ̀rọ̀ kọ́ ló máa kọ́kọ́ jáde. Ìwé ló sàn, torí ìwé kì í fa èèyàn láṣọ ya.

Kí n tó fèsì, mo fẹ́ rán yín létí ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí ẹni tó yàgbẹ́ ló máa ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Ẹ̀rọ tí ẹ gbé lọ yẹn, bàbá wa ni wọ́n fi àjákù irin jó o pọ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n ṣì ń ṣe iṣẹ́ jórinjórin, kí ojú wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bàìbàì. Páìpù nínípọn tó dúró bí odó, irin roboto tó ń wọ inú rẹ̀, àti ọ̀pá gígùn tí èèyàn ń jókòó lé títí omi á fi fún jáde. Ìyá wa ni wọ́n ṣe é fún, kí wọ́n lè máa tẹ ìṣù èédú. Ìyá wa sì sọ níṣojú èmi àti ẹ̀yin, lọ́jọ́ tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì de ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀, pé, “Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ni ín. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ẹnì kan dá a gbé.” Ẹ mi orí. Mo rí i tí ẹ mi orí.

Ẹ tún rántí bí a ṣe pín iṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ sanra, ẹ̀yin lapá yín le, ẹ̀yin lẹ ń gun ọ̀pá. Ìṣù tó bá tọwọ́ yín jáde, etí rẹ̀ á mú ṣáká, èèyàn lè jù ú sílẹ̀ kó má fọ́. Ìdí nìyẹn tí ìyá wa fi ń pè yín ní Ọwọ́-Irin. Èmi tí mo rí pẹlẹbẹ, imú ni wọ́n rí lára mi. Mo lè wà nínú yàrá kí n sọ irú igi tí káfíńtà ń fi ayùn rẹ́ lọ́gbà kejì. Wọ́n bá sọ mí ní Onímú. Imú mi ló ń yan èérún igi tí a máa lò, imú mi ló ń mọ̀ bí ìwé bá ti rẹ̀ tó. Lẹ́nu kan, nígbà tí ẹ̀yin wà lókè ọ̀pá tí ẹ ń bá oníbàárà rẹ́rìn-ín, èmi wà nídìí àgbá, ọwọ́ mi wà nínú ìwé jíjẹrà dé ìgúnpá. Ìwé ìdánwò àwọn ọmọléèwé, páálí, ìwé ìròyìn tí wọ́n ti fi di nǹkan. Mò ń fà á ya, mò ń rò ó, mò ń yí i títí ó fi dà bí ẹrẹ̀, kí a tó da èérún igi àti lẹ́búlẹ́bú èédú pọ̀ mọ́ ọn, kí a tó fi sítáàṣì mú un. Òórùn àgbá yẹn kì í ṣí lára aṣọ. Ní kíláàsì, èmi nìkan ni mo ń dá bẹ́ǹṣì jókòó. Ẹ̀yin, òórùn ọṣẹ ni tiyín.

Mi ò ráhùn nígbà náà. Iṣẹ́ ni, iṣẹ́ ìyá wa sì ni.

Nígbà tó wá di pé ìyá wa yọ̀ lórí àtẹ̀gùn tí egungun itan wọn kán, èmi ni mo bá wọn sùn ní ọsibítù, lórí ẹní, lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ wá lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú ọsàn wá. Ẹ sunkún débi pé nọ́ọ̀sì fi aláìsàn sílẹ̀, ó ń tù yín nínú. Mo ní, háà, ẹ̀gbọ́n mi mà fẹ́ràn ìyá wa o. Omijé yẹn kò tíì gbẹ lójú yín tí ẹ fi lọ wá sípánà.

Ọjọ́ tí wọ́n ní ká máa lọ ilé, mo fi ọwọ́ kan di ìyá wa mú, mo fi èkejì ṣí ilé páànù ẹ̀yìnkùnlé, torí wọ́n ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ rí ẹ̀rọ àwọn kí àwọn tó wọ yàrá. Ihò tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ti jáde nínú sìmẹ́ǹtì ni a bá. Àpò èédú, kò sí. Asẹ́, kò sí. Ṣọ́bìrì tí mo fi owó ara mi rà, kò sí. Ìgbálẹ̀ nìkan lẹ fi sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri bí àlejò tí kò mọ ibi tó máa jókòó. Ìyá wa bi mí pé olè wo ló jà wá. Èmi ni mo fi ẹnu ara mi dárúkọ yín. Wọ́n ní kí n gbé àwọn wọlé, wọ́n kọjú sí ògiri, wọn ò sì jẹun lọ́jọ́ yẹn.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀rọ nìkan lẹ gbé, bóyá ǹ bá sọ pé ojúkòkòrò ni, ó ń ṣe gbogbo èèyàn. Ṣùgbọ́n ẹ tún gbé ẹnu. Ẹ lọ bá oníbúrẹ́dì, ẹ lọ bá obìnrin tó ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́, ẹ lọ bá àwọn alágbàfọ̀ tó ń fi ìṣù wa mú irin ìlọṣọ gbóná, ẹ sọ fún wọn pé èmi tí mo wà ní ọsibítù, inú ààtàn ọsibítù ni mo ti ń ṣa ìwé, pé òwú tí wọ́n fi nu egbò wà nínú ìṣù mi. Ẹ̀gbọ́n mi, òwú egbò. Obìnrin olóúnjẹ yẹn, tó máa ń pè mí ní ọmọ òun, rí mi lọ́ọ̀ọ́kán, ó sọdá títì. Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ajá ni ó ń sá fún. Èmi ni.

Ọjọ́ yẹn ni mo búra. Mi ò ní parọ́ fún yín: ẹ̀san ni mo ń jẹ, ẹ̀san ni mo ń mu. Mo lu ìdí agolo mílíìkì, mo ń fi í mọ ìṣù, mo ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, gbogbo èyí tí mo bá sì ti tẹ̀, ojú yín ni mo fi ń wò. Ìṣù náà kò le. Ó ń jó dáadáa, kì í rú èéfín, ṣùgbọ́n tí èèyàn kò bá gbé e dáadáa, ó ti di ẹ̀rún. Àwọn aládùúgbò díẹ̀ tó ṣàánú ìyá wa nìkan ló ń rà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yí sí nìyí, ẹ fara balẹ̀ kà á, torí ẹ wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Òkìtì méjì ló máa ń wà lọ́gbà káfíńtà. Ọ̀kan wà lábẹ́ igi: èérún igi gidi ni, ó pọ́n díẹ̀, ó rí wúruwùru, ó ń ta èèyàn lọ́wọ́. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri: èyí tó jáde lára pákó tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀ pọ̀, àti lára àwọn ilẹ̀kùn àtijọ́ tí wọ́n ń ha ọ̀dà ara wọn kúrò. Tẹ̀gbẹ́ ògiri yẹn ló kúnná jù, ó rí bíi páúdà. Bí èèyàn bá fi ṣe ìṣù, ìṣù náà á dán bí ọṣẹ. Ìyá wa kì í jẹ́ kí bàtà mi pàápàá kàn án, torí èéfín májèlé ni gúlúù àti ọ̀dà ń rú. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò lọ kó èérún rí láyé yín. Èmi ni mò ń lọ. Ohun tí ẹ̀yin mọ̀ ni pé àpò dé, àpò sì kún.

Mo yà síbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú àpò mi. Òórùn gúlúù ti pàdé mi lójú títì. Mo wọlé, mo bá yín. Ẹ wọ aṣọ tí ó ní bọ́tìnnì wúrà, ẹ fọwọ́ lérán, ọlọ́mọlanke tí ẹ háyà ń fi ṣọ́bìrì mi, ṣọ́bìrì tèmi, da òkìtì ẹ̀gbẹ́ ògiri sínú àpò. Ẹ lè ṣe bí ẹni tí kò rí mi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọọṣẹ́ káfíńtà ń wò, ẹ sì fẹ́ kí wọ́n rí yín. Ẹ ní, “Onímú, ṣé ojú ẹ ti fọ́ ni? Ṣé bí wọ́n ṣe ń rí ẹ̀gbọ́n tí wọn ò ní kí i nìyẹn?” Gbogbo wọn dá ayùn dúró.

Mo gbé àpò mi sílẹ̀. Mo kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ yẹn. Mo ní, “Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ kú iṣẹ́.”

Kò tó yín. Ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò, ẹ gbé e wá sí iwájú ojú mi bí ẹni fẹ́ fún ewúrẹ́ lóúnjẹ, ẹ wá ní, “Ṣé o ò ní fi imú yẹn bá wa wò ó ni?” Àwọn ọmọọṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bi mí. Mo tún un kọ kí ẹ lè tún un kà: ẹ bi mí. Ká ní ẹ bi mí bí èèyàn ṣe ń bi èèyàn ni, mi ò mọ ohun tí ẹnu mi ì bá sọ. Mo wo ọwọ́ yín. Mo ní, “Ó dára lójú, ẹ̀gbọ́n mi.” Mo dìde, mo gbọn eékún mi, mo lọ sábẹ́ igi, mo rọ èérún kún àpò tèmi.

Ọ̀wọ̀ lẹ ní kí n fún yín, ọ̀wọ̀ ni mo fún yín. Ọmọdé kì í já àgbà nírọ́ lójú àwùjọ, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́ ni wọ́n kọ́ wa? Mo ń kọrin délé. Ìyá wa gbọ́ orin, wọ́n ní kí ló dùn mọ́ mi tó báyìí, mo ní oòrùn ràn dáadáa lónìí ni. Ẹ má retí kí n sọ níbí pé ó dùn mí.

Ẹni tó ń ko iná ní ilé búrẹ́dì ló sọ ìyókù fún mi, ó ń sọ ọ́, ó ń nu ojú. Ó ní nígbà tí ìṣù yín dé, oníbúrẹ́dì tò wọ́n sí ẹnu ọ̀nà kí àwọn tó ń wọlé lè máa rí bí wọ́n ṣe ń dán. Ó ní nígbà tí wọ́n tanná sí i, èéfín rẹ̀ kò lọ sókè bí èéfín ọmọlúàbí, ó ń rá pálá lórí ilẹ̀, ó ń ta wọ́n lójú bí ata. Gbogbo wọn sá jáde. Búrẹ́dì náà wú, ó pọ́n, ó rẹwà. Wọ́n tà á. Kí oòrùn tó ga, olùkọ́ kan ti gbé tirẹ̀ tó ń rùn bí ọ̀dà padà wá, ó gbé e ka orí tábìlì, ó ní, “Búrẹ́dì ni mo ní kí ẹ tà fún mi. Ẹ gba ilẹ̀kùn yín.” Ẹ ò gbé àdúgbò yìí mọ́, ẹ lè má tíì gbọ́: títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, tí àwọn ọmọ bá ń kọjá níwájú ibẹ̀, wọ́n á ní kí oníbúrẹ́dì ta ilẹ̀kùn kan fún wọn, kí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà mi fi ń dùn mí. Èéfín nìwà, ẹ̀gbọ́n mi, kò sẹ́ni tó lè fi í pamọ́.

Ohun tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni pé èéfín náà á fẹ́ wá sí ilé wa. Gbogbo ayé, ilé ìyá wa ni wọ́n mọ iṣẹ́ ìṣù èédú mọ́. Oníbúrẹ́dì kò wá yín lọ síbi tí ẹ háyà. Ó kó gbogbo ìṣù yín sínú ọkọ̀, ó wá dà á sí ẹnu ọ̀nà wa, ó dúró lórí rẹ̀, ó ń pariwo. Ó pe ìyá wa ní orúkọ wọn gan-an, láìfi ìyá kankan síwájú rẹ̀. Ó ní ìyá wa ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ wọn ní iṣẹ́ ìbàjẹ́. Mo wo ojú fèrèsé, mo rí ọwọ́ ìyá wa lórí irin rẹ̀. Wọ́n ń gbọ́.

Ìyẹn ni mi ò lè gbà. Mo di oníbúrẹ́dì mú ní apá aṣọ, mo ní kó máa bọ̀. Mo wọ́ ọ lọ sí ọgbà káfíńtà bí ẹni wọ́ onígbèsè. Mo bu ti abẹ́ igi, mo ní kó gbóòórùn rẹ̀. Mo bu tẹ̀gbẹ́ ògiri, mo ní kó gbóòórùn rẹ̀. Káfíńtà fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ẹni tó wá fi ọmọlanke kó o, ó sọ aṣọ tí ẹ wọ̀ pàápàá. Oníbúrẹ́dì wá bi mí, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ọsibítù ńkọ́. Mo ní kó wá wo àgbá mi. Ó ká ọwọ́ aṣọ, ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fà, kàlẹ́ńdà ilé búrẹ́dì rẹ̀ ti ọdún tó kọjá ló fà jáde, àwòrán òun fúnra rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ojú rẹ̀ ti wú sínú omi. Ó lọ sábẹ́ fèrèsé, ó bẹ ìyá wa, ó sì fi ìyá síwájú orúkọ wọn lẹ́ẹ̀mejì kó lè dí èyí tó fò. Láti ọjọ́ náà ni ó ti ń ra tèmi. Ibi tí ẹ ti gbọ́ pé ó ń gba ọ̀rọ̀ mi nìyẹn.

Ẹ óò fẹ́ mọ ohun tí mo fi ìṣù yín ṣe. Mo mọ̀ pé wọn ò ṣe é fi dáná, wọn ò sì ṣe é jù sí títì kí ọmọ ẹlòmíràn má lọ gbé e sínú iná. Ẹ rántí ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó máa ń fi ẹrẹ̀ yí èèyàn lẹ́sẹ̀. Mo tò wọ́n síbẹ̀, mo tò wọ́n dọ́gba, láti ẹ̀yìn ilé dé ẹnu ilẹ̀kùn rẹ̀. Láràárọ̀ ni mo ń tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ lọ, mo tún tẹ̀ yín mọ́lẹ̀ bọ̀. Nígbà míràn mi ò ní ohun tí mo fẹ́ ṣe níbẹ̀, màá sì lọ.

Ìyá wa ti ń fi ọ̀pá rìn báyìí. Wọ́n ń gba ọ̀nà yẹn. Láìpẹ́ yìí, wọ́n dúró láàárín rẹ̀, wọ́n fi ọ̀pá gbá ìṣù kan, wọ́n ní kí n mú un fún àwọn. Wọ́n fi ìka tọ etí rẹ̀ yípo. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan nínú tèmi wá láti orí páànù tí mo ń sá wọn sí. Wọ́n fi ọ̀kan sí ọwọ́ kan, ọ̀kan sí ọwọ́ kejì. Tèmi rún sí wọn láṣọ. Wọ́n ní, “Ọwọ́-Irin ló tẹ èyí.” Mo ní èérún burúkú ló fi ṣe é. Wọ́n ní, “Mo mọ̀. Ìwọ ńkọ́, níbo lo wà nígbà tó ń kó o?”

Èmi tí ẹnu mi kì í sinmi, mo tẹ̀ba, mo ń ṣa ẹ̀rún ìṣù lára aṣọ wọn. Wọ́n wò mí. Wọ́n rí i pé mo wà níbẹ̀. Wọ́n ní, “Mo bí imú. Mo bí ọwọ́. Mi ò tíì bí odindi èèyàn kan.” Wọ́n jẹ́ kí ìṣù méjèèjì bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń bá ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn bí mi nínú. Ó ṣì ń bí mi nínú bí mo ṣe ń kọ ọ́. Èmi tí mo sùn lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n wá fi mí sí orí ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú ẹni tó mú sípánà. Mo jókòó ti àgbá mi, mo wo agolo mílíìkì. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé ìṣù mi ń rún jò láàárín irin ààrò oníbúrẹ́dì, ó sì ti ń sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn kò ní pẹ́ tán. Bí ẹ̀rọ bá sì padà wá lónìí, bí mo bá jókòó lé ọ̀pá rẹ̀, ọ̀pá náà á gbé mi sókè ni. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Nítorí náà, èsì mi rèé. Mi ò ní bá yín bẹ oníbúrẹ́dì. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa lọ síbẹ̀ láàárọ̀, nígbà tí èrò bá ti tò dé òde, ẹ óò sì sọ pé irọ́ lẹ pa nípa òwú egbò, ẹ óò sọ ọ́ sókè kí ẹni tó wà lẹ́yìn pátápátá lè gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ẹ̀rọ bàbá wa wá sílé. Ẹ fi ọmọlanke gbé e, lọ́sàn-án gangan, kí ẹ gba ojú títì ńlá, kí ẹ má gba kọ̀rọ̀. Ẹ máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gbogbo ẹni tí ẹ bá pàdé ló máa bi yín pé níbo lẹ ń gbé e lọ. Ẹ dá gbogbo wọn lóhùn. Obìnrin olóúnjẹ náà á wà níta, mo ti sọ fún un pé kó má jìnnà. Ẹ dá ṣọ́bìrì mi padà. Ihò tó wà nínú sìmẹ́ǹtì ṣì ń dúró de ẹ̀rọ, mo ti gbá inú wọn mọ́, ìgbálẹ̀ tí ẹ fi sílẹ̀ ni mo fi gbá wọn.

Láàárọ̀, ẹ óò wà nídìí àgbá, ẹ óò máa rẹ ìwé. Lọ́sàn-án, ẹ óò gun ọ̀pá. Èmi ni màá máa bá oníbàárà rẹ́rìn-ín, mo ti ń fi dígí kọ́ ọ. Èérún kankan kò sì ní wọlé láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ̀. Màá bu òkìtì méjèèjì wá, màá di yín lójú, ẹ óò sì máa gbóòórùn títí ẹ óò fi mọ ìyàtọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé mo ti dárí jì yín. Mi ò dárí jì yín. Ẹ̀san mi ni pé mo fẹ́ máa rí yín lójoojúmọ́.

Kí Ọlọ́run wo ikọ́ yín sàn kí ó tó di ọjọ́ tí ẹ óò tẹ̀ lé ọmọlanke. Kí ó fún yín ní ẹsẹ̀ tó le àti ojú tó lè dúró wo èèyàn. Kí ó má jẹ́ kí òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, kí èrò lè pọ̀ níta. Kí ó dá ẹ̀mí ìyá wa sí, kí wọ́n rí wa níbi iṣẹ́ kan náà kí wọ́n tó fọwọ́ rọrí. Àmín.

Èmi ni àbúrò yín tí ẹ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ fún,

Onímú.

Àfikún: Ẹ mú aṣọ tí ẹ kò fẹ́ràn wá. Ìbọ̀wọ́ kan ṣoṣo ló wà nílé, èmi ni mo ni ín. Nǹkan kan tún wà tí mi ò fẹ́ kọ, ṣùgbọ́n ẹ ti kà á débí. Ìṣù kan ti dín lójú ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, èyí tí ìyá wa fi ìka tọ etí rẹ̀. Wọ́n rò pé mi ò mọ ibi tó wà. Wọ́n ti gbàgbé pé àwọn fúnra wọn ló sọ mí ní Onímú, torí láàárọ̀ tí mo bá ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn, òórùn gúlúù ni mo ń gbọ́ lábẹ́ ìrọ̀rí.